Kí Ọmọ Wa Tó Gbé Kámẹ́rà Dání

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ti àwọn olùkọ́ nìkan ni. Ó kàn wá nínú ilé, ó sì kàn wá nínú ìjọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn Mísà, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá wa. Kọ́lẹ́jì ni ọmọ náà wà. Olùkọ́ wọn pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, ó sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan ní àgbègbè wa, kí wọ́n mú un wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Inú àwọn ọmọ dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n mú fóònù, tí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà kan lọ níbi tó ti ń yan gàrí.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ gàrí ti rí. Iná ń jó níwájú, èéfín ń ta sójú, òógùn ń ṣàn. Ìyá àgbà kò wé gèlè, ìró iṣẹ́ tó ti gbó ni ó so mọ́ àyà. Àwọn ọmọ kí i, ó dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù sókè láti ẹ̀yìn igi kajú, ó sì yà á títí tí ikọ́ èéfín fi mú un. Ní alẹ́, ọmọ yìí fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí WhatsApp. Ọ̀rẹ́ náà fi orin yẹ̀yẹ́ sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọmọ ọmọ ìyá náà tó wà ní Kùtọ̀nu ti rí i, ó sì pe ilé pé, "Ta ni ó ya Ìyá wa báyìí?" Ìyá àgbà tí kì í pa Mísà jẹ kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú méjì tó tẹ̀ léra.

Ìyá ọmọ náà wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, ọmọ mi kì í ṣe ọmọ burúkú. Kí ni kí a ṣe?"

A wo ojú ọmọ náà, a sì gbà pé òótọ́ ni. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé kámẹ́rà dìde kí wọ́n tó jókòó rò ó, òun nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Nítorí náà ni a fi ní kí a bá gbogbo ìdílé sọ ọ́, nítorí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún kan ọmọ ẹlòmíràn lọ́la.

KÍ A JÓKÒÓ ṢÍRÒ

Nínú Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí Lúùkù ti kọ ọ́, ní orí kẹrìnlá, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Ó ní onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó mọ iye tí ilé náà yóò ná òun, kí ó má baà dúró sí ìdajì kí àwọn tó ń kọjá sì fi í ṣẹ̀sín. Fíìmù kò yàtọ̀ sí ilé ìṣọ́ náà.

Ní ayé àtijọ́, owó ni ó ń fi tipátipá mú ẹni tó ń ya sinimá jókòó. Okùn fíìmù mìlímítà 16 tó gùn ní mítà 30 kò tó ìṣẹ́jú 3 kí ó tó tán, nítorí pé àwòrán 24 ni ó ń kọjá nínú kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A ó rà á, a ó tún sanwó kí wọ́n tó bá wa fọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ èyí kò jẹ́ tẹ kámẹ́rà láìmọ ohun tó ń wá.

Lónìí, fóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo èyí di ọ̀fẹ́. Ọmọ lè ya wákàtí méjì, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún un yà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa fi ọkàn sí i: ìnáwó náà kò tán, ẹni tó ń san án ni ó yí padà. Ẹni tó ń ya fíìmù ni ó ń san án tẹ́lẹ̀. Nísinsin yìí, ẹni tí wọ́n ń yà ni ó ń san án. Ó ń fi ojú rẹ̀ san án, ó ń fi ilé rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti orúkọ rere rẹ̀ san án. Bí àwòrán bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn ogún, kò sí ẹni tó lè kó o padà mọ́, bí omi tó ti dànù sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìmúrasílẹ̀ fi ṣe pàtàkì fún ọmọ tó ní fóònù ju bí ó ti ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ra okùn fíìmù lọ.

ÀWỌN TÓ ṢÍWÁJÚ WA

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí ya sinimá ní ilẹ̀ wa. Fádà Francis Aupiais, ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, dé Dahomey ní ọdún 1903, ó sì ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ní ọdún 1930, òun àti Frédéric Gadmer, ayàwòrán tí olówó Faransé kan tó ń jẹ́ Albert Kahn rán, jọ rin ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ya iṣẹ́ míṣọ́n àti àwọn àṣà ìbílẹ̀. Ẹ ka ọdún náà. Ọdún 27 ni ó wà láàárín ìgbà tí Fádà náà kọ́kọ́ dé àti ìgbà tí ó gbé kámẹ́rà wá. Ó ti mọ ènìyàn, ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n. A kò ní kí ọmọ wa dúró fún ọdún 27. A kàn ní kí ó lọ kí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó mú fóònù lọ.

Èkejì ni Paulin Soumanou Vieyra. Ọmọ bíbí Àjàṣẹ́ ni, ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilé ìwé ní Faransé. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ sinimá gíga ní Paris tí à ń pè ní IDHEC, òun sì ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Òun náà ṣe fíìmù fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ bí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe: "C'était il y a quatre ans", ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955, òun pẹ̀lú Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan ṣe "Afrique-sur-Seine", tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 21.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó wù wọ́n láti yà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láti ọdún 1934, tí wọ́n ń fi orúkọ mínísítà Pierre Laval pè. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya sinimá ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso láìgba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ wo ìwé ìtàn tí ó fẹ́ yà. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò rí àṣẹ náà gbà. Wọn kò tìtorí èyí ká ọwọ́ gbera. Wọ́n yí ètò wọn padà, wọ́n sì ya ìgbé ayé àwọn ọmọ Áfíríkà ní Paris, níbi tí àwọn fúnra wọn ń gbé. Títí di òní, bí a bá ń sọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ sinimá àwọn ọmọ Áfíríkà dúdú, a máa ń dárúkọ fíìmù náà. Vieyra padà ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Senegal, ó kọ ìwé lórí sinimá Áfíríkà, ó sì kú ní ọdún 1987.

Ohun méjì ni a rí kọ́ lára wọn. Àkọ́kọ́, fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ dára bí ó bá jẹ́ lórí ohun tó súnmọ́ ọn. Ọmọ Aklampa kò nílò ìtàn ológun Amẹ́ríkà tó fi ìbọn onígi ṣe, nígbà tí àwọn tó ń gbin iṣu, tó ń ṣa kajú, tó ń ná ọjà Glazoué wà lójú rẹ̀. Èkejì, ọ̀rọ̀ àṣẹ. Àṣẹ gómìnà ni òfin 1934 ń béèrè. Àṣẹ tí àwa ń sọ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: àṣẹ ẹni tó ni ojú ni.

Ìjọ Mímọ́ pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ní 1936, Pópù Píọ́ọ̀sì Kọkànlá kọ lẹ́tà "Vigilanti Cura" lórí sinimá. Ní 1957, Pópù Píọ́ọ̀sì Kejìlá kọ "Miranda Prorsus" lórí sinimá, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, Àpéjọ Vatican Kejì gbé "Inter Mirifica" jáde. Ìjọ kò pe àwọn ohun èlò yìí ní iṣẹ́ èṣù. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ó pè wọ́n, ó sì ní kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọn yóò ti lò wọ́n dáadáa. Nítorí náà, òbí tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó sì tì í mọ́ àpótí kò tíì kọ́ ọmọ náà ní nǹkan kan.

BÍ A TI LÈ PÍN Ọ̀SẸ̀ MẸ́RIN

A bá àwọn ọmọ márùn-ún náà jókòó, a sì jọ pín àkókò tó kù. Ó lè ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, nítorí náà ni a fi kọ ọ́ síbí gẹ́gẹ́ bí a ì bá ti ṣe é bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti etí, kì í ṣe ti kámẹ́rà. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bí àpẹẹrẹ: "A fẹ́ fi hàn bí ẹ̀gẹ́ ti ń di gàrí lọ́wọ́ ìyá àgbà kan, àti ohun tí iṣẹ́ náà ti ṣe fún ilé rẹ̀." Bí gbólóhùn náà kò bá ṣeé sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó yé e, ẹ kò tíì rí fíìmù yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ilé ẹni náà lọ́wọ́ òfo. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ibi tí ẹ ó ti fi í hàn, àti ẹni tí yóò wò ó. Ní èdè tó gbọ́ ni kí ẹ fi sọ ọ́, ìbáà ṣe Ìdáàṣà, ìbáà ṣe Maxi tàbí Fọn. Ẹ má fi Faransé dààmú àgbà. Bí ó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ lọ. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí ẹ bi. Láti ọdún 2018 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ní ìwé òfin lórí kọ̀ǹpútà, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó dáàbò bo ohun tó jẹ́ ti ènìyàn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni àwọn bàbá wa ti ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti ìwé. Ẹ kọ ìtàn náà sílẹ̀, èyí tí Faransé ń pè ní scénario. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń ka ojú ìwé kan sí nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹ bá kọ ojú ìwé ogún, ẹ ti kọ àkọjù. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ to nọ́ńbà sí i: nọ́ńbà 1, ọwọ́ tó ń hó ẹ̀gẹ́, a súnmọ́ ọn, nọ́ńbà 2, gbogbo àgbàlá, a jìnnà sí i. Ẹni tí kò mọ àwòrán yà lè fi igi lásán ya ènìyàn sínú ìwé, ó tó. Ẹ pín iṣẹ́ pẹ̀lú: ẹnì kan ni olùdarí, ẹnì kan mú kámẹ́rà, ẹnì kan ń gbọ́ ohùn, ẹnì kan ń kọ ohun tí a ti yà sílẹ̀, ẹnì kan ń ṣètò oúnjẹ, ọkọ̀ àti ìkíni. Kí ẹ má fi ti ìkẹyìn yìí fún ẹni tí ẹ rò pé kò mọ nǹkan. Bí ìkíni bá bàjẹ́, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta jẹ́ ti yíyà. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ní wákàtí tí ẹ fẹ́ yà á, kí ẹ mọ ibi tí oòrùn yóò wà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ dára. Oòrùn ọ̀sán gangan ń da òjìji sínú ihò ojú. Ẹ má gbé ènìyàn kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀rọ ìlọta, alùpùpù àti afẹ́fẹ́ orí òkè máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹ fi fóònù kejì sí ìtòsí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti gba ohùn, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí afẹ́fẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ nu ojú kámẹ́rà nígbà gbogbo. Ẹ rí i pé iná kún fóònù, pé àyè wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ti ìpè pa, kí àǹtí má baà pe yín láàárín ọ̀rọ̀ Ìyá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ka méjìlá kí ẹ tó pa á; àwòrán tó kúrú jù kò ṣeé tò.

Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Igi ń jó, gàrí ń tutù, ọjà ń lọ. Kí ẹ tó yà, ẹ pọnmi, ẹ ṣẹ́gi, ẹ bá a hó ẹ̀gẹ́. Yàtọ̀ sí pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti hó ẹ̀gẹ́ mọ ibi tó yẹ kí kámẹ́rà wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ ti títò àti ti fífihàn. Títò ń gba àkókò ju yíyà lọ, ẹ má fi í sí alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Bí ẹ bá tò ó tán, olùkọ́ kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ rí i. Ẹ gbé e lọ sí àgbàlá ẹni tí ẹ yà. Bí ó bá ní kí ẹ yọ ibì kan, ẹ yọ ọ́, ìbáà jẹ́ ibi tó wù yín jù lọ.

IṢẸ́ TI ÒBÍ

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má ya fíìmù náà fún wọn. Ẹ má sì sọ pé eré ni. Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ bi ọmọ yín léèrè gbólóhùn kan ṣoṣo tí fíìmù rẹ̀ ń sọ. Ẹ bá a lọ kí ẹni tó fẹ́ yà ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ sì bá a ṣe àdéhùn pé kò ní fi àwòrán kankan ránṣẹ́ síta kí iṣẹ́ tó parí, kí ẹni náà sì tó fọwọ́ sí i.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI PARÍ

Àwa, àwọn ọmọ márùn-ún àti òbí wọn lọ sí ilé ìyá àgbà náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìyá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Kí ni ẹ tilẹ̀ fẹ́ sọ nípa mi?" Kò sí èyí tó rí ìdáhùn fọ̀ nínú wọn. Wọn kò tíì rò ó rí.

Ó ní, "Ẹ wò ó, yíyan ni òpin gàrí. Ẹ dé nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Ẹ padà wá ní ọjọ́ tí mo bá lọ wú ẹ̀gẹ́."

Wọ́n padà lọ, lọ́wọ́ òfo ní ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n bá a wú ẹ̀gẹ́, wọ́n bá a hó o, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè fún, wọ́n sì rí bí ó ti ń jọ̀ ọ́ ní asẹ́. Láti inú èyí ni wọ́n ti rí ìtàn wọn kọ. Ní ọjọ́ yíyà, Ìyá wé gèlè, ó ró aṣọ tó wù ú, ó sì fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò jókòó sí. Ó sọ orúkọ àwọn ọmọ tí owó gàrí ti rán lọ sí ilé ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ni fíìmù náà fi parí.

Nígbà tí wọ́n fi í hàn án ní àgbàlá rẹ̀, àwọn ará ilé pé jọ yí fóònù kékeré náà ká. Ìyá ní kí wọ́n yọ ibi tí ó ti ń wúkọ́. Ọmọ tó mú kámẹ́rà ní ibẹ̀ dára, ó fi ìnira iṣẹ́ náà hàn. Ìyá wò ó, kò wí nǹkan kan. Ọmọ náà yọ ọ́.

Fíìmù àkọ́kọ́ tó bọ́ síta kò ṣeé pa rẹ́ tán. Ó ṣì wà nínú fóònù àwọn tí a kò mọ̀. A kò lè tan ara wa jẹ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà wà ní ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ márùn-ún náà sì lọ kí i lẹ́yìn Mísà.

Fún ìjíròrò nínú ìdílé lọ́sẹ̀ yìí: Àwòrán ta ni ó wà nínú fóònù wa tí onítọ̀hún kò mọ̀? Ta ni a ti fi ṣẹ̀sín láìrò ó? Àgbà wo nínú ilé wa ni a lè lọ jókòó tì kí a gbọ́ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, láìmú kámẹ́rà lọ́wọ́?

Kí Màríà Wúndíá, Ìyá wa ti Arigbo, bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Ó dìgbà kan ná.